Update Parí, Láptọ́ọ̀pù Dákú: Kí Ẹ Tó Gbé E Lọ Fọ́máàtì

Àǹtí mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Òṣogbo pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú kan. Kò dúró kí n kí i. "Kọ̀ǹpútà mi ti kú o! Gbogbo èsì ìdánwò SS2 ló wà nínú ẹ̀." Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ rí lójú ẹ̀?" Ó ní òun rí àwọn àmì roboto funfun kéékèèké tí wọ́n ń yí po lójú kan náà, àti ọ̀rọ̀ òyìnbó kan lábẹ́ wọn tó ní kí òun má pa á. Ọmọ àdúgbò kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú mi. Òun ti dájọ́: update ló bà á jẹ́, fọ́máàtì nìkan ló kù.

Ohun tí mo sọ fún àǹtí mi náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù yín nítorí pé ìṣe rẹ̀ yí padà lẹ́yìn update, àfi bí ẹ bá ti mọ ohun tó ń ṣe é. Update máa ń fa wàhálà lóòótọ́, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ògiri ti lanu tipẹ́ kí aláǹgbá tó wọ̀ ọ́. Windows ni mo ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí à ń rà.

Ìdí tó fi máa ń jẹ́ Ọjọ́rú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń fi update oṣooṣù ránṣẹ́, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ènìyàn á tẹ "Update and shut down" lálẹ́, á lọ sùn, á jí bá nǹkan tí kò dá mọ̀. Ìdí nìyí tí fóònù mi fi máa ń dún láàárọ̀ Ọjọ́rú ju ọjọ́ mìíràn lọ. Yàtọ̀ sí ti oṣooṣù, ńlá kan tún wà tó ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó ń gbé odidi Windows tuntun bọ̀. Èyí ló máa ń pẹ́ jù.

Bí update bá wọlé tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Windows á ṣì máa to nǹkan sípò, á tún máa ka gbogbo fáìlì yín kó lè tètè rí wọn nígbà tí ẹ bá wá wọn, antivirus tó bá a wá náà á máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́ra ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn fún wákàtí kan sí méjì láìṣe ohunkóhun lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Restart. Restart ni mo wí, kì í ṣe Shut down. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ pé orí àmì tó ń yí yẹn ló há sí, ẹ wo iná kékeré tó wà létí láptọ́ọ̀pù, bí tiyín bá ní i. Bó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Lórí hard disk àtijọ́, wákàtí méjì kò pọ̀ jù fún update ńlá. Àmọ́ bí wákàtí mẹ́ta bá kọjá tí iná kò ṣẹ́jú, tí nọ́ńbà tó wà níwájú % kò sì yí, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá títí yóò fi kú, kí ẹ wá tún un tàn. Windows lè fúnra rẹ̀ yọ update náà kúrò. Bí ẹ bá rí "Undoing changes made to your computer", ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán.

Ohun tí mo ti rí tó ń ba update jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni iná. Bátìrì tòkúnbọ̀ tí kò lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, NEPA sì mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé 64%: kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí ẹ fi ń yí iná láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀ pàápàá tó láti pa ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí bátìrì yín bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Windows Update, kí ẹ tẹ Pause. Ó gbà yín láyè títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ wá yan ọjọ́ tí iná inverter yín kún dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì là

Bí láptọ́ọ̀pù bá ti tàn, bó tilẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín, fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde. Ẹ kó wọn sórí fílàṣì, kí ẹ sì fi èyí tó ṣe pàtàkì jù ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti kọ́kọ́ tún un ṣe. Ẹ mú sùúrù. Ẹ̀rọ tó ń kú tó ń jí lè kú ní ẹ̀ẹ̀kan kó má jí mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, Windows ti ti gbogbo ohun tó wà nínú disk pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín. Bí update bá yí nǹkan kan nídìí bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn, ó lè ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá kí òun tó ṣílẹ̀kùn: nọ́ńbà 48 gbáko. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹ lè fi fóònù wọ aka.ms/myrecoverykey kí ẹ dà á kọ sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkúnbọ̀ tí ẹ sì ń lo àkáǹtì tí ẹni tó tà á bá yín ṣe ni mò ń bá wí jù. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí onítúnṣe kankan tó lè bá yín rí fáìlì yín. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Privacy & security, ẹ wo Device encryption. Bó bá wà ní On, ẹ rí i dájú pé àkáǹtì tiyín ni ẹ fi wọlé.

Bó bá ń wọ́

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á yọjú. Òpó mẹ́ta ni kí ẹ tẹjú mọ́: CPU, Memory àti Disk. Èyí tó bá wà lẹ́bàá 100% tí kò sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrù ti pọ̀ jù. Ẹ tẹ orí òpó náà, àwọn tó ń jẹ ẹ́ jù á tò sókè, ẹ ó rí orúkọ wọn. Bó bá jẹ́ Disk ló wà ní 100% lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbójú fò ó. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, tó sì jẹ́ hard disk onírin tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, ẹ lọ ra SSD, ìyẹn disk tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú. N kò mọ owó mìíràn tí ènìyàn lè ná sórí láptọ́ọ̀pù àgbà tó ń mówó wá bíi tirẹ̀. RAM, ìyẹn Memory inú Task Manager, ló tẹ̀ lé e. Lórí ìwé, 4GB ni Windows 11 béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí Chrome lórí 4GB mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Nínú Task Manager yẹn kan náà, ẹ wá Startup apps. Gbogbo ohun tó ń bá láptọ́ọ̀pù jí láàárọ̀ ló tò síbẹ̀: Teams, Spotify, ohun tó ń wá update fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ti tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n pé 23 lórí ẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ èyí tí ẹ kò nílò, ẹ mú Disable. Kò ní parẹ́, kò kàn ní máa ṣáájú yín jí mọ́ ni. Ẹ má fọwọ́ kan antivirus tàbí ohun tó jẹ mọ́ ohùn àti ibi tí ẹ ń fi ìka rá. Antivirus méjì kì í gbé inú ilé kan, ẹ yọ ọ̀kan.

Ẹ wo àyè tó kù lórí disk C. Bí kò bá tó 20GB, ẹ má bú update. Èyí tó jẹ́ ńlá máa ń fi Windows àtijọ́ pamọ́ sínú Windows.old, ó sì lè ju 10GB lọ. Ẹ lè pa á rẹ́ láti Settings, System, Storage, Temporary files, níbi tí wọ́n kọ "Previous Windows installation(s)". Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ ó fi padà sí Windows ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn, bí tuntun kò bá bá yín lára mu. Nítorí náà, ẹ fi sílẹ̀ títí ọkàn yín á fi balẹ̀. Windows fúnra rẹ̀ ń pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ Restart tí mo ní ó ń bọ̀ rèé. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012, Shut down kì í pa ẹ̀rọ tán mọ́. Ó máa ń ká apá kan Windows jọ sórí disk, kó lè tètè tú u lé ilẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Fast Startup ni wọ́n ń pè é. Bí àṣìṣe kan bá wà nínú ohun tó ká jọ, ẹ̀yin àti àṣìṣe náà lẹ jọ máa jí. Restart ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹni tó bá ń pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lálaalẹ́ lè rò pé òun ti fún un ní ìsinmi, kó má mọ̀ pé ó ti tó oṣù kan tí kò sinmi. Lẹ́yìn update, mo máa ń pa Fast Startup nù pátápátá: Control Panel, Power Options, "Choose what the power buttons do", ẹ tẹ "Change settings that are currently unavailable", kí ẹ yọ àmì tó wà lójú "Turn on fast startup".

Bó bá ń kú lójijì

Bí ojú rẹ̀ bá di aró, tàbí dúdú (Windows 11 ti ń sọ ọ́ di dúdú láti 2025), ẹ má sáré pa á. Ẹ fi fóònù ya á ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ lábẹ́ ni orúkọ àìsàn náà. INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE: Windows kò rí disk tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí ẹ̀. MEMORY_MANAGEMENT: ẹ fura sí RAM. Bí orúkọ kan tó parí sí .sys bá bá a wá, driver ni, ìyẹn ètò tó ń bá ohun èlò inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ti àwòrán ojú ẹ̀rọ àti ti Wi-Fi ló sì ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù. Bó bá kàn kú pii láìsọ nǹkan kan, ooru tàbí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Eruku ọyẹ́ nìkan lè dí fáànù pa.

Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo Windows, tí ọ̀pọ̀ onítúnṣe kì í sì í ṣí, ni Reliability Monitor. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ perfmon /rel sínú àpótí tó yọ, ẹ tẹ Enter. Kàlẹ́ńdà ni ẹ ó rí, ọjọ́ kan òpó kan, pẹ̀lú ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ láàárín 1 sí 10. Ọjọ́ tí nǹkan kan bá bàjẹ́ ní àmì pupa. Ọjọ́ tí update wọlé náà wà níbẹ̀. Ẹ kàn fi ojú wá èyí tó ṣáájú. Bí pupa bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn update, update tàbí driver tó bá a wá ni kí ẹ mú. Bí pupa bá ti wà kó tó dé, ẹ yọwọ́ kúrò lọ́rùn update.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo dé Òṣogbo, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣí nìyẹn. Ẹ̀rọ àǹtí mi ti tàn padà ní Ọjọ́rú ọ̀hún, lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà. Update wà lójú Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Pupa àkọ́kọ́ wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, méjì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ní ojoojúmọ́. Mo bi àǹtí mi pé ṣé ó ti ń kú tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni," ó ní, "mo rò pé iná ni."

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn update ni tiyín bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà pọ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí ohun èlò tí ẹ fura sí, ẹ wọ Properties, ẹ wọ Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver bó bá jẹ́ kí ẹ tẹ òun. Update oṣooṣù ṣe é yọ: Settings, Windows Update, Update history, Uninstall updates. Ti ńlá ọdọọdún ní "Go back" lábẹ́ System, Recovery, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí mo wí. Bó bá jẹ́ pé fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́, ẹ wá cmd, ẹ mú Run as administrator, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth. Ó ń jẹ dátà, ó sì lè dúró lójú kan títí ọkàn yín á fi pami. Ẹ má pa á. Bó bá parí, ẹ kọ sfc /scannow tẹ̀ lé e, kí ẹ sì Restart.

Bí kò bá tilẹ̀ tàn

Ẹ tàn án. Bí àmì tó ń yí bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó kú. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dà bí ẹní ń fìyà jẹ ẹ́, àmọ́ bí Windows ṣe ń mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn nìyẹn, á sì gbé yín lọ sí yàrá ìtọ́jú. Ẹ mú Troubleshoot, ẹ mú Advanced options. Startup Repair wà níbẹ̀, Uninstall Updates wà níbẹ̀, System Restore wà níbẹ̀. Startup Settings ni ẹ ó gbà dé Safe Mode, níbi tí Windows ti ń tàn pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní: ẹ tẹ Restart, lẹ́yìn náà 4. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń ṣe dáadáa nínú Safe Mode tó sì ń kú níta, driver tàbí ètò kan tí ẹ gbé wọlé ni kí ẹ fura sí kí ẹ tó fura sí irin rẹ̀.

Ẹ rántí 19 Oṣù Keje, 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi update fún ètò ààbò rẹ̀ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí Microsoft ṣírò sí 8.5 mílíọ̀nù sì di aláró káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfurufú dúró sílẹ̀, ilé ìwòsàn há. Oògùn rẹ̀ ni kí ènìyàn wọ Safe Mode kó pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291. Ẹni tó fọ́máàtì tirẹ̀ lọ́jọ́ náà ju èsì ìdánwò SS2 lọ ló sọ nù.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, "Reset this PC" ṣì wà, ẹ sì mú "Keep my files". Àwọn ètò tí ẹ gbé wọlé á lọ, fáìlì yín á kù. Bí onítúnṣe bá ní òun fẹ́ fọ́máàtì, ẹ bi í pé ṣé ó ti dé Safe Mode, ṣé ó ti wo ìlera disk, ṣé ó ti kó fáìlì yín pamọ́. Bó bá bínú, ẹ gbé ẹ̀rọ yín.

Ẹ má sì tìtorí èyí pa update tì títí láé. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá, 2025. Intel ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 sì gbà ní gbogbogbòò. Bí ẹni tó tà á fún yín bá fi ipá ki Windows 11 bọ ìran kẹrin, kò sí ìdánilójú pé update á máa wọlé sí i wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ti àǹtí mi, mo gbé CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera disk wò, lé ẹ̀rọ náà. Ó kọ Caution pẹ̀lú àwọ̀ òféèfèé. Àǹtí mi ní láti ìgbà Àjíǹde lòun ti ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ẹ̀, òun rò pé fáànù ni. A kó èsì SS2 sórí fílàṣì méjì, a yọ hard disk, a fi SSD 256GB sí i. Update Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ti wọlé sórí ẹ̀, ó sì ń tàn kí àǹtí mi tó rí gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀.